Ìyá Àgbà Ọmọ Ọdún Méje

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yí gbirigbiri, ó yí gbirigbiri bí ìkòkò tó já bọ́ lórí òṣùká. Kò fọ́, kò sán. Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró ló dúró sí, Àwẹ̀ró ìyàwó ilé amọ̀kòkò, òun àti Yéwándé ọmọ rẹ̀. Ẹ sún mọ́ ara yín kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Orin wà nínú rẹ̀. Bí mo bá lé e, "Rìrìgbọ̀n" ni kí ẹ fi gbè é. Ẹ má jẹ́ kí n máa dá a kọ.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí adìyẹ ṣì ń dá ènìyàn lóhùn, ilé amọ̀kòkò kan wà lẹ́bàá odò. Àwọn obìnrin ilé náà ló ń mọ ìkòkò. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ló ń wa amọ̀, àwọn ló sì ń ṣẹ́ igi tí wọ́n fi ń sun ún. Ìyá àgbà kan ni olórí gbogbo wọn. Òun nìkan ló ń po amọ̀. Á jí ní ìdájí, á wọ ẹ̀yìnkùlé lọ, á sì ti pò ó tán kí àwọn yòókù tó la ojú. Wọ́n fi amọ̀ rẹ̀ mọ àmù, àmù kò sán. Wọ́n fi mọ ìkòkò, ìkòkò kò sán. Wọ́n fi mọ ìṣaasùn, ìṣaasùn kò sán.

Ìyá àgbà kú. Ó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò jí mọ́. Wọ́n sin ín, wọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ, wọ́n padà sídìí iṣẹ́. Wọ́n lọ sí kòtò amọ̀ tí wọ́n ti ń wa amọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n wa amọ̀, wọ́n pò ó, wọ́n mọ ìkòkò, wọ́n sun ún. Ìkòkò sán. Wọ́n mọ òmíràn. Ó sán. Wọ́n mọ òmíràn. Ó sán.

Oyèníran, ọmọkùnrin ìyá àgbà, dúró lórí àpáàdì, ó fọwọ́ lérí.

"Ìyá ní kòtò mìíràn tí wọ́n máa ń lọ ní ìdájí," ó ní. "Wọn ò fi hàn wá ni."

Ọdún yẹn gan-an ni ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, bímọ obìnrin. Àmì dúdú kan wà lọ́rùn ìyá àgbà nígbà ayé rẹ̀. Wọ́n wo ọrùn ọmọ náà, àmì wà níbẹ̀. Ìyá Àjàó, ẹ̀gbọ́n Oyèníran obìnrin, wo ọmọ náà títí, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá ti dé," ó ní. "Wọ́n wá wa wá."

Wọ́n sọ ọmọ náà ní Yéwándé. Ọkàn gbogbo ilé balẹ̀. Ẹni tó mọ kòtò náà ti padà wálé. Ó kù kó gbọ́ ọ̀rọ̀, kó sì sọ ọ́.

Nǹkan kan kò yé Àwẹ̀ró láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó bí ọmọ, wọ́n ní ìyá ọkọ rẹ̀ ni. Láàárọ̀, ó ní láti kúnlẹ̀ kí ọmọ tó ń mu ọmú rẹ̀. Bí ọmọ náà ti ń rìn, wọ́n gbé e jókòó sórí àpótí ìyá àgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Bí wọ́n bá pín ẹran, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fún. Bí ẹni méjì bá jà nínú ilé, iwájú rẹ̀ ni wọ́n ti ń rojọ́.

"Ìyá, ẹ bá mi dá a. Ta ló jẹ̀bi?"

Ọmọ náà a wo ẹni kìíní, a wo ẹni kejì. A ní, "Ẹ fọwọ́ gbá ara yín mọ́ra." Gbogbo ilé a ní, "Ẹ ò rí i? Bí Ìyá ṣe máa ń dá a nìyẹn."

Bí ó bá wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré iyanrìn, Ìyá Àjàó a fi ìdí aṣọ nù ún lẹ́sẹ̀. "Ìyá, àgbà kì í jókòó sínú iyanrìn. Ẹ jẹ́ ká lọ." Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sì rí i, wọ́n a kúnlẹ̀ kí i, wọ́n a dìde, wọ́n a sá lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ wọn nígbà náà. Ọjọ́ kìíní, wọ́n ń ná ọjà. Ọjọ́ kejì, wọ́n ń sinmi. Ọjọ́ kẹta, wọ́n ń ṣẹ́ igi. Ọjọ́ kẹrin ni ọjọ́ amọ̀. Láti ìgbà tí Yéwándé ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa ni wọ́n ti ń gbé e lọ sétí odò ní gbogbo ọjọ́ amọ̀. Oyèníran á gbé e sí èjìká. Gbogbo ilé á tẹ̀ lé wọn, wọ́n á máa kọrin:

*Ìyá wa, ìyá wa o,*
Rìrìgbọ̀n.
*Ibo lẹ fi amọ̀ sí?*
Rìrìgbọ̀n.
*Ṣé abẹ́ àràbà ni?*
Rìrìgbọ̀n.
*Àbí ẹ̀yìn àpáta?*
Rìrìgbọ̀n.
*Ẹ rántí, ẹ nawọ́ sí i,*
Rìrìgbọ̀n, rìrìgbọ̀n.

Ọmọ náà á wò yíká. Á na ìka. Wọ́n á wa ibẹ̀. Wọ́n á mọ ìkòkò, wọ́n á sun ún. Á sán.

"Ẹ má bínú, Ìyá," ni Oyèníran á wí. "Ẹ ṣì ń rántí ni. Lọ́jọ́ amọ̀ tó ń bọ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe títí Yéwándé fi pé ọmọ ọdún méje. Àpáàdì ti ga nínú ọgbà bí òkìtì ọ̀gán. Kò sẹ́ni tó ra ìkòkò ilé náà mọ́. Wọ́n sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ náà bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo ìkòkò orí iná.

Nígbà náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ náà.

Á jí, á di inú mú. Kò ní jẹun. Ẹní rẹ̀ á tutù ní àárọ̀, ọmọ tí kò tọ̀ sórí ẹní láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Á ti etí ìró rẹ̀ bọ ẹnu, á máa jẹ ẹ́, á máa jẹ ẹ́, títí etí ìró náà yóò fi dà bí ohun tí eku jẹ. Bí wọ́n bá sì bá a sọ̀rọ̀, á fọwọ́ bo ẹnu kó tó dáhùn.

Àwẹ̀ró lọ bá ọkọ rẹ̀. "Baálé mi, ara Ìyá kò yá."

"Wọ́n ń ronú ni," ni Oyèníran wí. "Àgbà ní í ronú. Ó ti fẹ́ẹ́ jáde lẹ́nu wọn."

Ó lọ bá Ìyá Àjàó. Ìyá Àjàó ní, "Ìyàwó, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìyá tó bí mi? Inú rírun kò ṣàjèjì sí wọn."

Àwẹ̀ró padà. Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ ọn lójú. Bó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni, ì bá gbé e mọ́ra. Bó bá jẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ni, ì bá kúnlẹ̀ bi wọ́n léèrè. Kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Ó dúró láàrin ilé, ó na ọwọ́, ó tún kó o padà.

Ó lọ bá adìyẹ lẹ́yìnkùlé.

"Adìyẹ ọlọ́mọ, inú ń run ọmọ mi."

Adìyẹ fẹsẹ̀ wa ilẹ̀, ó wo ibi tó wà, ó ṣá nǹkan kan jẹ. "Aràn ni," ó ní. "Ọ̀rọ̀ aràn kò lè rú mi lójú, òun ni mo jẹ láàárọ̀ yìí. Fún un ní omi ewúro."

Àwẹ̀ró fún ewúro, ó fún ọmọ náà mu. Ọmọ náà mu ún tán. Ní ọjọ́ kejì, inú kò run ún. Ó jẹun, ó tún bu sí i. Àwẹ̀ró gbé iṣu lọ fún adìyẹ. Nígbà tó di ọjọ́ mélòó kan sí i, inú tún bẹ̀rẹ̀.

Ó lọ bá ewúrẹ́ lábẹ́ igi.

"Ewúrẹ́, inú ń run ọmọ mi, ó ń tọ̀ sórí ẹní, ó ń jẹ aṣọ."

"Jíjẹ aṣọ kì í ṣe àrùn," ni ewúrẹ́ wí. Ó ronú díẹ̀. "Àmọ́ àwọn tó kù, àgídí ni. Mo bí mẹ́ta, mo mọ àgídí. Kàn án lẹ́ẹ̀kan."

"Ìyá ọkọ mi ni. Mi ò lè bá wọn wí."

"O ní ọmọ rẹ ni, o tún ní ìyá ọkọ rẹ ni. Èwo ni ká mú? Wọ́n ń pe àwa ní aláìgbọ́n, àmọ́ ewúrẹ́ kan kò bí ìyá ọkọ rẹ̀ rí."

Ìtìjú mú Àwẹ̀ró. Ó padà sílé, ó gbé ohùn sókè mọ́ ọmọ náà nídìí oúnjẹ. Ọmọ náà jẹun, ó ń jẹun, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ yá. Àwẹ̀ró ní, "Àṣé àgídí ni lóòótọ́." Nígbà tó di ọjọ́ mélòó kan sí i, inú tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dàrú? Ewúro wò ó sàn, kò wò ó sàn. Ìbáwí wò ó sàn, kò wò ó sàn. Àwẹ̀ró kò mọ ewúro, kò mọ ìbáwí mọ́.

Ó ń kọjá lẹ́yìn àká tí wọ́n ń sá ìkòkò sí nígbà tó gbọ́ ohùn kékeré kan. Yéwándé ló dá jókòó síbẹ̀, tó dojú kọ ògiri. Ó ń kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ gbè é, àmọ́ ẹ rẹ ohùn sílẹ̀:

*Orí mi, orí mi o,*
Rìrìgbọ̀n.
*Ibo ni mo fi í sí?*
Rìrìgbọ̀n.
*Mo wá a lábẹ́ àràbà,*
Rìrìgbọ̀n.
*Mo wá a lẹ́yìn àpáta,*
Rìrìgbọ̀n.
*Orí mi, rán mi létí,*
Rìrìgbọ̀n, rìrìgbọ̀n.

Àwẹ̀ró dúró. Orin náà wọ̀ ọ́ lára, kò sì mọ ibi tó ti wọ̀ ọ́. Bó ti gbójú sókè, ó rí agbọ́n kan tó ń fi amọ̀ kọ́lé sára ògiri àká náà.

"Agbọ́n, ẹ kú iṣẹ́."

"Má fọwọ́ ba ògiri mi. Kò tíì gbẹ."

"Mi ò ní fọwọ́ bà á. Ọmọ mi ni mo bá wá. Adìyẹ ní aràn ni. Ewúrẹ́ ní àgídí ni. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi ò mọ̀," ni agbọ́n wí.

Ó ya Àwẹ̀ró lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn gbẹ̀yìn. Kò sí ẹni tí í sọ ọ́ nílé wọn.

"Bí ìkòkò bá sán," ni agbọ́n wí, "tí ojú rẹ kò rí ibi tó ti sán, kí lo máa ń ṣe?"

"Mo máa ń fi ìka kàn án. Mo máa ń dẹtí sí i."

"Ẹ̀ẹ̀kan?"

"Rárá o. N ó kan òkè, n ó kan àárín, n ó kan ìdí."

"O sì wá ń bi adìyẹ," ni agbọ́n wí. Ó bu amọ̀ sẹ́nu, ó yí ẹ̀yìn sí i.

Àwẹ̀ró padà sílé, ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé e tán. Àmọ́ kíkan ìkòkò, èyí tó mọ̀ nìyẹn. Ó ṣa ìdí ìkòkò mẹ́rin tó ti fọ́, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀kan fún ọjọ́ ọjà, ọ̀kan fún ọjọ́ ìsinmi, ọ̀kan fún ọjọ́ igi, ọ̀kan fún ọjọ́ amọ̀. Bí inú bá run ọmọ náà, á sọ òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú ti ọjọ́ náà. Bí ẹní bá tutù, á sọ òkúta kan sí i. Bí ó bá jẹ etí ìró, òkúta kan. Kò fi ewúro sí i, kò fi ìbáwí sí i. Ó ń wò, ó ń dẹtí.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Ó lọ wo àwọn ìdí ìkòkò náà. Ti ọjọ́ ọjà, òfìfo. Ti ọjọ́ ìsinmi, òkúta kan péré. Ti ọjọ́ igi, òkúta mẹ́sàn-án. Ti ọjọ́ amọ̀, òkúta mọ́kànlá.

Ó tún un kà. Mọ́kànlá ni.

"Àbí afẹ́fẹ́ odò ni?" ó ní. "Afẹ́fẹ́ odò kì í dé ilé lọ́jọ́ igi." Ó jókòó ti àwọn òkúta náà, ó ń wò wọ́n. Ọjọ́ igi ni ọjọ́ náà. Ọmọ náà wà ní ìdí àká, ó ti etí ìró bọ ẹnu.

Àwẹ̀ró dìde, ó lọ jókòó tì í. Kò kúnlẹ̀, kò sì dúró. Ó mú ìkòkò kan, ó fi ìka kàn án lókè, láàrin, nídìí. Ìkòkò náà dún gbòó-òn.

"Èyí dára," ó ní.

Ó mú òmíràn, ó kàn án. Ó dún pákà.

"Èyí ti sán. Ẹ wò ó, ojú kò rí i."

Ọmọ náà na ìka, ó kan èyí tó dún gbòó-òn. Ó kan èyí tó dún pákà. Ó tún kan èyí tó dún pákà.

"Ṣé ẹ máa sọ ọ́ nù?" ó ní, ọwọ́ lẹ́nu.

"A máa gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Bí èmi náà bá dún pákà ńkọ́?"

Nílé wọn, bí ọmọ náà bá ti béèrè nǹkan, ẹnu mẹ́wàá ló ń dáhùn. Àwẹ̀ró há ẹnu tirẹ̀ mọ́. Ó dẹtí. Ọmọ náà wo ìkòkò, ó wo ìyá rẹ̀. Ó mú etí ìró tó ń jẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Àṣé kókó ló wà níbẹ̀. Nínú kókó náà, eyín kan wà, eyín kékeré funfun.

"Ó ti yọ," ni Yéwándé wí. "Ó ti pẹ́. Òmíràn tún ń mì. Ìyá Àjàó ní kí n tó kú nígbà yẹn, eyín mi ń yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tún ti ń yọ. Mo fẹ́ kú padà. Mi ò sì tíì rántí ibi tí amọ̀ wà." Ó mí. "Mo ń wá a. Lọ́jọ́ igi, mo máa ń wá a nínú orí mi láti àárọ̀. Kò sí níbẹ̀. Inú á wá máa run mí. Bí mo bá kú láìrántí, ta ló máa sọ fún yín?"

Àwẹ̀ró kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń bọ̀ tàbí ẹkún. Méjèèjì jọ dé sí i lẹ́nu, méjèèjì kò jáde. Ó la ẹnu rẹ̀ gbàgà.

"Wo eyín mi," ó ní. "Fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe èyí ni mo kọ́kọ́ ní. Ti tẹ́lẹ̀ yọ nígbà tí mo tó ọ."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Ẹ ò sì kú?"

"Èmi nìyí. Tuntun ló hù. Eyín ọmọdé máa ń yọ. Gbogbo àwọn tó ń ṣeré iyanrìn yẹn, lọ wo ẹnu wọn, ìdajì ló fi fèrèsé sílẹ̀."

Ọmọ náà fi ìka kan eyín ìyá rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀tún dé òsì, ó rọra ń kàn wọ́n bí ẹni tó ń kan ìkòkò. Nígbà tó kàn wọ́n tán, ó bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún jẹ́jẹ́ tó máa ń sun nídìí oúnjẹ. Ẹkún ọmọdé ni, ẹkún tó ní ikun. Àwẹ̀ró gbé e, ó pọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn dé orúnkún ìyá rẹ̀.

Bí wọ́n ti wọ inú ọgbà, Ìyá Àjàó rí wọn.

"Ìyàwó, ìyá ọkọ rẹ lo gbé pọ̀n? Lọ́la, o máa fún wọn lọ́mú?"

"Bí wọ́n bá béèrè, Ẹ̀gbọ́n," ni Àwẹ̀ró wí, ó sì kọjá.

Ilẹ̀ mọ́, ọjọ́ amọ̀ pé. Gbogbo ilé péjọ. Oyèníran bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọmọ náà gun èjìká rẹ̀. Ọmọ náà di inú mú.

"Baálé mi, ẹ jọ̀wọ́," ni Àwẹ̀ró wí. Ó gbé ìkòkò kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, omi ṣì ń sun lára rẹ̀. Ó gbé e síwájú wọn. "Ta ni nínú yín tó máa bá mi gbé èyí sínú iná?"

Wọ́n wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

"Á bẹ́," ni Ìyá Àjàó wí. "Kò tíì gbẹ. Ọmọ ìkókó ilé yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Láti ìgbà tí èyí ti ń sọ̀rọ̀ la ti ń gbé e sínú iná," ni Àwẹ̀ró wí, ó fọwọ́ lé orí Yéwándé. "Gbogbo ọjọ́ kẹrin."

Ó gbé ìdí ìkòkò mẹ́rin náà wá, ó sọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ọjà, ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ igi, ọjọ́ amọ̀. Ó ṣí ọwọ́, ó fi eyín hàn wọ́n. Ó sọ ohun tí ọmọ náà rò pé eyín náà jẹ́.

Oyèníran wo eyín náà títí. Ojú rẹ̀ kò mọ ibi tó máa gbà. Ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ ni. Ó jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn.

"Ìyá," ó ní. Ó tún ní, "Yéwándé. Ṣé ìwọ mọ ibi tí amọ̀ wà?"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. Ó mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu. "Mi ò mọ̀."

"Èmi náà ò mọ̀," ni Oyèníran wí. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ náà ti fúyẹ́ tó. "Ọdún méje, mi ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n?"

Ìyá Àjàó tún ìró ró. Ó tú u, ó tún un ró. "Èmi rò pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n," ó ní. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó bá a wí.

Àwẹ̀ró kó òkúta mọ́kànlélógún náà lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó fi eyín sí àárín wọn. Wọ́n lọ sí ìdí ilé. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, nítorí wọ́n ní aláǹgbá kò gbọdọ̀ rí i. Ẹ gbè é, kí ohùn yín ga:

*Yéwándé ọmọ mi o,*
Rìrìgbọ̀n.
*Ibo lo ju eyín sí?*
Rìrìgbọ̀n.
*Orí òrùlé baba rẹ,*
Rìrìgbọ̀n.
*Aláǹgbá, yíjú sẹ́yìn,*
Rìrìgbọ̀n.
*Èyí tó ń bọ̀ á dára,*
Rìrìgbọ̀n, rìrìgbọ̀n.

Ọmọ náà jù ú. Òkúta rọ̀ sórí òrùlé bí òjò. Inú rẹ̀ kò run ún ní ọjọ́ amọ̀ náà.

Oyèníran kọjá odò ní ọjọ́ yẹn kan náà. Arúgbó kan wà lódìkejì tó máa ń mọ ìkòkò pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nígbà èwe wọn. Ìyá Òkè-Odò ni wọ́n ń pè é. Wọn kò bi í léèrè rí, nítorí ta ló ní ìyá nílé tó ń bi ará ìta? Oyèníran dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, a ò mọ ibi tí ìyá wa ti ń wa amọ̀."

"Inú kòtò yín ni," ni arúgbó náà wí. "Níbo ni wọn ì bá tún ti wà á?"

"Ó ń sán, Ìyá."

"Ṣé ẹ ń gún àpáàdì sí i?"

Oyèníran gbójú sókè.

"Àpáàdì ìkòkò tó fọ́," ni arúgbó náà wí. "Ẹ gún un kúnná bí èlùbọ́, ẹ pò ó mọ́ amọ̀. Èyí tó ti rí iná rí ló ń kọ́ èyí tí kò rí iná. Gbogbo ìdájí ni ìyá yín ń gún un. Etí yín dí ni?"

"A gbọ́ ìró odó," ni Oyèníran wí. "A rò pé oúnjẹ adìyẹ ni wọ́n ń gún."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi ló yẹ kí ẹ ti wá bi lọ́jọ́ kìíní. Mo wà níbí. Mi ò tíì kú débi tí mo máa padà wá."

Oyèníran padà sílé. Ó wo òkìtì àpáàdì inú ọgbà, èyí tó ti ga láti ọdún méje. Ohun tí wọ́n ń wá lẹ́nu ọmọ, ó wà nínú ọgbà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n gún un, wọ́n pò ó, wọ́n mọ ìkòkò, wọ́n jẹ́ kó gbẹ. Wọ́n sun ún. Àwẹ̀ró kàn án lókè, láàrin, nídìí. Gbòó-òn.

N kò ní parọ́ fún yín pé ara ọmọ náà yá ní ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ igi tó tẹ̀ lé e, inú tún run ún díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń béèrè mọ́. Àwẹ̀ró kò fún un ní ewúro. Ó jókòó tì í, ó ní, "Kí ló dún?" Nígbà mìíràn, ọmọ náà á sọ ọ́. Nígbà mìíràn, á ní, "Mi ò mọ̀," ìyá rẹ̀ á ní, "Kò burú," wọ́n á jọ jókòó. Ó ń sọ òkúta sínú ìdí ìkòkò síbẹ̀. Ní oṣù kìíní, mẹ́fà. Ní oṣù kejì, méjì. Ní oṣù kẹta, ìdí ìkòkò náà ṣófo, adìyẹ wá yé ẹyin sí i.

Orúkọ rẹ̀ ṣì ni Yéwándé. Àmì sì wà lọ́rùn rẹ̀. Bóyá ìyá àgbà ni, bóyá kì í ṣe òun, ọ̀rọ̀ yẹn kò yé Àwẹ̀ró títí di òní. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, Ìyá Àjàó rí i nínú iyanrìn láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ dé etí, tó ń fi amọ̀ mọ ìkòkò kan tó wọ́, tí omi ń jò nínú rẹ̀. Ìyá Àjàó dúró. Ó mú ìdí aṣọ rẹ̀ láti fi nù ún lẹ́sẹ̀, ó tún jù ú sílẹ̀.

"Kí lò ń mọ?" ó ní.

Yéwándé gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín láìfọwọ́ bo ẹnu. Níbi tí eyín ti yọ, orí eyín funfun kékeré kan ti yọ jáde.

"Mi ò tíì mọ̀," ó ní.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ọmọdé máa ń sọ ohun tó ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kì í kàn fi ẹnu sọ ọ́ ni. Inú rírun ló fi ń sọ ọ́, ẹní tútù ló fi ń sọ ọ́, etí aṣọ ló fi ń sọ ọ́. Kí àgbà ka ọjọ́, kí ó dẹtí, kí ó sì gbé ẹrù àgbà kúrò lórí ìkòkò tí kò tíì gbẹ.

Ibi tí ààlọ́ mi rọra sọ̀kalẹ̀ sí nìyí, kò fọ́, kò sán. Ẹni tó bá rò pé mo purọ́, kó súnmọ́ mi, kó fi ìka kàn mí lórí lẹ́ẹ̀mẹta, kó gbọ́ bóyá pákà ni mo dún.